Ṣé kí n ta ilẹ̀ mi ní Ṣágámù, kí n lọ gba ilé ọtí ní erékùṣù Sal?

Ọmọ Mákùn béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń gba oorun lójú mi láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, òun ni mo fẹ́ fi lọ̀ yín. Ṣágámù ni wọ́n bí mi sí, ọmọ ọdún 39 ni mí, ó sì ti di ọdún 11 tí mo ti ń ta bíà, ẹmu àti ẹran sísun ní ẹ̀bá títì tí ó ti Ṣágámù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọjà ń tà, n kò lè ṣe aláìmoore, ṣùgbọ́n epo tí mo ń rà sínú jẹnẹrétọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo èrè mọ́ mi lọ́wọ́, nítorí pé bíà tí kò bá tutù nini, oníbàárà kì í gbà á.

Ẹnì kan tí ó máa ń wá mu ẹmu lọ́dọ̀ mi ti gbé ní Cape Verde rí. Òun ni ó mú mi mọ òyìnbó arúgbó kan tí ó ní ilé ọtí kékeré ní ìlú Santa Maria, ní erékùṣù Sal, níbi tí àwọn ará Yúróòpù ti máa ń wá yá oòrùn. Tábìlì mẹ́sàn-án ni ó wà níbẹ̀, kò sì jìnnà sí òkun. Bàbá náà fẹ́ padà sí ìlú rẹ̀, ó sì ní kí n san owó kan ṣoṣo fún òun, kí tábìlì, fìríìjì àti ọdún mẹ́rin tí ó kù nínú àdéhùn òun àti onílé di tèmi.

Kí owó náà tó lè pé, àfi kí n ta ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ìyàwó mi kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa méjèèjì ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni pé ẹni tí ó bá ní ìwé ìrìnnà ECOWAS kò nílò físà níbẹ̀, tí ó sì lè ṣòwò bí ọmọ onílùú? Ṣé ẹni tí kò gbọ́ Potogí lè dúró nídìí irú òwò bẹ́ẹ̀? Ṣé ó sì bọ́gbọ́n mu kí n ta ilẹ̀ yìí?

Agbẹjọ́rò Ìjẹ̀bú-Òde dáhùn pé:

Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè yín àkọ́kọ́. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí ní ìlú Dakar ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 1979 pín ẹ̀tọ́ náà sí ìpele mẹ́ta: láti wọlé láìgba físà, láti gbé inú ìlú, àti láti dá òwò sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni àwọn ènìyàn wa mọ̀, òun ni ó fún yín ní ọjọ́ 90. Àlàyé lórí ìpele kejì jáde ní ọdún 1986, ti ìkẹta sì jáde ní ọdún 1990, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó mú ìwé kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá ọjọ́ 90 gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀, ẹni tí ó bá sì fẹ́ ṣí ilé ọtí gbọ́dọ̀ forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀, kí ó gba nọ́ńbà owó orí, kí ó sì gba àṣẹ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú náà ṣe ń gbà á. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú dání pẹ̀lú.

Èyí tí ó kọ mí lóminú ni ohun tí bàbá náà ń tà. Ilé kọ́ ni ó ń tà fún yín. Ọdún mẹ́rin tí ó kù fún un nínú ilé onílé ni ó ń tà. Bí onílé kò bá fọwọ́ sí ìwé pé òun gbà yín gẹ́gẹ́ bí ayálégbé, ẹ lè san gbogbo owó tán kí wọ́n sì tì yín síta ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ gba agbẹjọ́rò níbẹ̀, kí ó má ṣe jẹ́ agbẹjọ́rò ti ẹni tí ń tà, kí ó sì wádìí bóyá gbèsè owó orí tàbí owó òṣìṣẹ́ wà lọ́rùn ilé ọtí náà.

Ẹ tún ronú lórí ilẹ̀ yẹn. Bí bàbá yín bá kú láìṣe ìwé ìhágún, tí ẹ sì ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò, ilẹ̀ ìdílé ni, kì í ṣe ti ẹnì kan. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá dá a tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà níwájú òfin.

Àbọ̀ Sal dáhùn pé:

Àbúrò mi, mo dáná ní ilé ọtí kan ní Santa Maria láti ọdún 2017 títí di ọdún 2020, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni n ó sọ fún ọ. Sal tẹ́ pẹrẹsẹ, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀. Iyọ̀ ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ní Potogí, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń wà ní Pedra de Lume láyé àtijọ́. Omi òkun ni wọ́n ń sọ di omi mímu, ó sì wọ́n. Yàtọ̀ sí ẹja tí àwọn apẹja ń já sílẹ̀ lórí afárá onígi ní etí òkun, ọkọ̀ ni ó ń kó èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí o ó tà wọlé, bí ọkọ̀ bá sì pẹ́, tòmátò lásán á di ohun àwárí. Ìwọ tí ó ti mọ́ lára láti rán ọmọ lọ ra ata nígbà tí oníbàárà ti jókòó, o ní láti kọ́ bí a ṣe ń ra ọjà ọ̀sẹ̀ méjì sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ jù nìyí. Púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó tí ń wá sí Sal ti san owó yàrá, oúnjẹ àti ọtí papọ̀ láti ìlú wọn kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Àwọn ilé ìtura ńláńlá á so okùn kékeré kan mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ti na ọwọ́ náà, ọtí ti dé, wọn kò sì ní san kọ́bọ̀ mọ́. Kí ni yóò mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ rìn wá sídìí tábìlì mẹ́sàn-án rẹ láti fi owó ra ohun tí ó ti san owó rẹ̀ síbòmíràn? Àwọn tí ó ń jáde wà, n kò ní parọ́: àwọn tí wọ́n gba yàrá kékeré fúnra wọn, àwọn tí oúnjẹ ilé ìtura ti sú, àwọn tí wọ́n ń wá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fà wọ́n lórí omi láti oṣù Kọkànlá wọ oṣù Karùn-ún nígbà tí atẹ́gùn ibẹ̀ le. Ọ̀gá tí mo bá ṣiṣẹ́ kò rí èrè kankan títí ó fi yí ojú kúrò lọ́dọ̀ àwọn olókùn-ọwọ́ wọ̀nyí, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dáná fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtura nígbà tí wọ́n bá ṣíwọ́ lálẹ́. Ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń gba owó oṣù, wọn kì í sì í bá ìgbà òtútù lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹran sísun rẹ ni ó lè gbè ọ́, kì í ṣe bíà. Gbogbo igun ni wọ́n ti ń ta Strela, bíà ìlú wọn.

Ní ti èdè, Potogí ni ti ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n Kriolu ni wọ́n ń sọ ní ilé àti ní ọjà. Oṣù mẹ́fà ni ó gbà mí kí n tó lè bá ẹlẹ́ja dúnàádúrà. Wọ́n lẹ́mìí àlejò, wọ́n tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan fún un, morabeza, mo sì jẹ́rìí sí i. Síbẹ̀, manjaku ni wọ́n ń pe gbogbo àwa tí a ti ilẹ̀ Áfíríkà wá, ì báà jẹ́ Sẹ̀nẹ̀gà tàbí Ṣágámù, bí àwọn mìíràn sì ṣe ń sọ ọ́ máa ń dùn mí wọra. Owó wọn dúró ṣinṣin, nítorí wọ́n ti so ó mọ́ owó Yúróòpù: 110.265 escudo ni Yúrò 1, ọdún wá, ọdún lọ. Yúrò ni kí o kó dání, nítorí ó ṣòro láti rí ẹni pààrọ̀ escudo lẹ́yìn odi ìlú wọn.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ọkọ̀ òfuurufú dẹ́kun wíwá nítorí àrùn kòrónà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Santa Maria pa lọ́lọ́ bí ìgbà tí Agẹmọ ń kọjá tí obìnrin kò gbọdọ̀ yọjú síta. Ọ̀gá wa kò ṣí ilé náà mọ́ láéláé. Èyí tí mo ti fi pamọ́ ni mo fi jẹun títí mo fi rí ọ̀nà wálé.

Bí ọkàn rẹ bá ṣì wà níbẹ̀, lọ fúnra rẹ kí o tó sanwó. Má ṣe lọ ní àkókò Kérésìmesì tí gbogbo nǹkan ń dùn. Oṣù Karùn-ún tàbí oṣù Kẹsàn-án ni kí o lọ. Jókòó nínú ilé ọtí náà láti ìgbà tí wọ́n bá ṣí i títí wọn yóò fi tì í, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, kí o máa ka orí àwọn tí ń wọlé. Ní kí bàbá náà fi ìwé owó orí ọdún mẹ́ta hàn ọ́. Bí ó bá kọ̀, o ti rí ìdáhùn rẹ.

Ọmọ Ìṣarà dáhùn pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Àbọ̀ Sal, àmọ́ n kò fẹ́ kí ẹ̀rù ba arákùnrin wa ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù gba ilé ọtí ní Tenerife, erékùṣù kan tí ó jẹ́ ti Sípéènì, ní ọdún 2014, lọ́nà tí àwọn ará Sípéènì ń pè ní traspaso, èyí tí ó jọ ohun tí bàbá yìí ń fi lọ̀ yín. Lẹ́yìn tí ó sanwó tán ni ó tó mọ̀ pé ìwé àṣẹ ilé náà kò gba orin lálẹ́. Ọdún àkọ́kọ́ le fún un, ṣùgbọ́n ó ń jẹun nídìí rẹ̀ títí di òní, nítorí pé bí òtútù bá ti mú ní Yúróòpù ni erékùṣù yẹn ń kún. Ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi wọ ibẹ̀, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà nínú àjọṣe Yúróòpù. Ẹni tí ó ní ìwé wa, àfi kí ó gba físà aṣòwò láti ilé. Nítorí náà, bí ẹ bá máa lọ, Sal ni ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí jù fún yín.

Bàbá Ìpẹru dáhùn pé:

Ọmọ mi, ìwọ fúnra rẹ ni o sọ pé epo jẹnẹrétọ̀ ni ó ń jẹ èrè rẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dì mú nínú gbogbo ohun tí o kọ. Oòrùn tí àwọn òyìnbó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ yá ní Sal, ó ń ràn sórí páànù ilé ọtí rẹ ní Ṣágámù lójoojúmọ́. Mo fi iná olóòrùn sí ilé ìtajà mi ní Ìpẹru ní ọdún méjì sẹ́yìn, owó àjọ ni mo fi rà á, fìríìjì méjì ni ó sì ń gbé láti àárọ̀ di alẹ́. Ṣe ìṣirò ìyẹn ná kí o tó fọwọ́ kan ilẹ̀ bàbá rẹ. Bí o bá sì máa lọ wo Sal, jẹ́ kí ìyàwó rẹ dúró ti ìsọ̀ yìí kí àwọn oníbàárà má bàa tú ká, nítorí ibẹ̀ ni owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ti ń jáde.

Ọmọ Mákùn kọ ọ́ pé:

Ẹ ṣeun gidigidi. Mo ka ohun tí ẹ kọ fún ìyàwó mi sókè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan àti àbúrò mi méjì ni wọ́n jọ ní ilẹ̀ náà pẹ̀lú mi, bàbá wa kò sì ṣe ìwé ìhágún, nítorí náà mo ti sọ fún ẹni tí ó fẹ́ rà á pé n kò tà mọ́. Mo béèrè ìwé owó orí lọ́wọ́ bàbá arúgbó náà ní àná, ó ní òun yóò wá a. Mo ń retí rẹ̀. Oníná olóòrùn ń bọ̀ wá wo òrùlé mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ní oṣù Karùn-ún, bí Ọlọ́run bá fẹ́, n ó fi owó àjọ tèmi lọ sí Santa Maria fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, n ó sì jókòó síbẹ̀ láti ṣíṣí di títì. Ẹ̀gbọ́n mi Àbọ̀ Sal, ẹ jọ̀wọ́, àdúgbò wo ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtura ń gbé, kí n lè gba yàrá sí àárín wọn?