Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ àbí iṣẹ́ tá a kàwé fún? Ẹ sọ tiyín

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ẹni tó béèrè bóyá kóun gba iṣẹ́ tíṣà tí wọ́n fi lọ òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àbí kóun máa dúró de iléeṣẹ́ ńlá, jẹ́ kí n sọ ohun tójú tèmi rí.

Food Science ni mo kà ní LAUTECH. Mo sìnlú tán, mo padà sílé, ìyá mi ní kí n má jókòó sójú kan, torí nílé tiwa, ẹni tó bá ń sùn dọ́sàn-án, ó lórúkọ tí wọ́n ń pè é. Wọ́n á ní ṣé mo mọ iye èèyàn wa tó tòwò dé Jọ́ọ̀sì àti Gánà? Wọ́n á ní nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àlejò ní 1969, tí bàbá àwọn kó ẹrù wálé, ṣé ó dúró de ìpè? Kò sí ọjọ́ tí mo ní “mò ń retí íméèlì” tí Gánà kì í wọ ọ̀rọ̀.

Iléèwé aládàáni kan ló kọ́kọ́ pè mí. Owó oṣù wọn ò tó ìdajì 30,000 náírà tí òfin 2019 ní kó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù nígbà yẹn. Òfin yẹn náà yọ iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ ò bá tó 25 sílẹ̀, àwọn tíṣà ibẹ̀ ò sì tó bẹ́ẹ̀, ta la fẹ́ fẹjọ́ sùn? Àmọ́ owó kọ́ ló lé mi. Wọ́n ní kí n kó ojúlówó ìwé-ẹ̀rí mi wá, kó máa wà lọ́wọ́ àwọn, kí n má baà sá lọ láàárín ọdún. Mo ní ẹ̀dà rẹ̀ ni mo lè fi sílẹ̀. Bí ibòmíì bá pè mí lọ́la, kí ni kí n gbé síwájú wọn? Ọ̀rọ̀ ò wọ̀, mo ní ó dàbọ̀.

Ibi tí mo wá ríṣẹ́ ni ilé búrẹ́dì kan lápá Arówómọlẹ̀. Akọ̀wé ọjà ni wọ́n gbà mí fún: iye búrẹ́dì tí ọkọ̀ kó jáde, iye tó padà. Kì í ṣe ohun tí mo kà, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan péré ló wà láàárín tábìlì mi àti ibi tí wọ́n ti ń po fúláwà. Bí mo bá ti ṣírò tán, ibẹ̀ ni mò ń wọ̀. Bàbá tó ń pò ó ò kàwé lọ títí. Á já díẹ̀ nínú rẹ̀, á fi ìka fẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí yóò fi fẹ́lẹ́, á wá gbé e síbi gílóòbù. Bí iná bá hàn lódìkejì tí kò sì ya, ó ti pò tó nìyẹn. Bó bá ya, ẹ padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà ooru, yìnyín ló ń fọ́ sómi; bí ọyẹ́ bá dé, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Mo ti ka ọ̀rọ̀ gluten, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí fúláwà pípò máa fà, àti yíìsì ní kíláàsì, mo tiẹ̀ gba máàkì tó dáa, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lọwọ́ mi ti kàn án.

Nígbà tí iléeṣẹ́ oúnjẹ kan ní Ìbàdàn pè mí fún ìntáfíù, wọ́n ní bí búrẹ́dì ò bá wú láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ni màá kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Ẹnu omi àti ọyẹ́ ni mo wà tí ọ̀kan nínú wọn fi gbé bírò sílẹ̀ tó ń wò mí.

Àbúrò, ohun tí mo fẹ́ bi ẹ́ ò ju èyí lọ: bí ìntáfíù bá bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ṣé iléèwé yẹn á jẹ́ kó o lọ? Kí ló sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tiwọn?

———

Ẹ ṣeun, Àǹtí, àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo wa. Civil Engineering ni tèmi. Kí COREN, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà, tó forúkọ èèyàn sílẹ̀ bí ẹnjiníà, ìrírí ọlọ́dún gbọọrọ lẹ́nu iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n ń béèrè. Bí mo bá ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò títí irun mi á fi funfun, wọn ò ní kà á. Ìyẹn ni mo ṣe kọ iṣẹ́ báǹkì tí wọ́n fi lọ̀ mí, tí mo bọ́ sí sáìtì. Owó ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń fún mi, àwọn bíríkìlà sì ń pè mí ní “Ẹnjiníà Oníwèé.” Ilé ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti ń jẹun lálẹ́. Ẹni tí kò bá níbi tó ti lè jẹun, mi ò ní gbà á níyànjú pé kó ṣe bíi tèmi.

———

Èmi rèé ní Takie, POS ni mò ń ṣe. Political Science ni mo kà, mi ò sì wáṣẹ́ mọ́. Àwọn tó ń bi mí pé “ìgbà wo lo fẹ́ lo ìwé ẹ?”, ọwọ́ mi náà ni wọ́n ti ń gbowó. Ẹ jẹ́ n máa lọ, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé, èrò ti tò.