Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí n dá GRUB (ètò tó ń gbé Linux dìde tí a bá tan kọ̀ǹpútà) ṣọ́ọ̀bù mi padà sí ti àtijọ́?

Àbẹ̀kẹ́_Lágere

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀ níbí, tí a ti ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ jù níbẹ̀ ti pẹ́, BIOS (ètò àtijọ́ tó ń kọ́kọ́ jí kọ̀ǹpútà) ló ń lò, kì í ṣe UEFI tó rọ́pò rẹ̀. Debian 10, irú Linux kan tó jáde ní 2019, ló wà lórí rẹ̀, n kò sì ṣe update kankan sí i rí torí owó dátà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí íntánẹ́ẹ̀tì tó dáa lò, mo bá gbé e lọ sí Debian 11, láti ibẹ̀ sí 12. Gbogbo rẹ̀ lọ geere. Mo pa á, mo tún un tàn, ohun tó yọ sí mi nìyí:

error: symbol `grub_calloc' not found.
grub rescue>

Kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Mo tẹ `insmod normal`, àṣẹ tó yẹ kó gbé GRUB yòókù wọlé, ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ. Project àwọn ọmọ mẹ́ta tó gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé wà nínú rẹ̀, oorun ò sì kùn mí mọ́ láti ọjọ́ náà.

GRUB 2.02 tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò yọ mí lẹ́nu lọ́jọ́ kan. Mo fẹ́ dá a padà. Ẹ̀dà wo lẹ rò pé ó dáa jù, báwo ni mo sì ṣe lè ṣe é tí fáìlì ọmọ ọlọ́mọ kò fi ní í ṣòfò?

Ọmọ_Ọbọ̀kun

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Bí ẹ bá tiẹ̀ ń padà sẹ́yìn, ẹ kúkú padà dé ìdí rẹ̀: GRUB Legacy, 0.97. Mò ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ogbó fún ilé ẹ̀kọ́ kan níbí ní Iléṣà, òun ni mo fi sí gbogbo wọn. Fáìlì kan péré, `/boot/grub/menu.lst`, ọwọ́ mi ni mo fi ń kọ ọ́, mo sì mọ ohun tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ti GRUB 2, ẹ̀ẹ̀kan náà tí `update-grub` bá ti sáré, á ti kọ ìwé gígùn tí kò sẹ́ni tó máa kà á tán.

Akin_Mayfair

Ẹ̀gbọ́n Ọbọ̀kun, ẹ má bínú, n kò ní í gba Àǹtí níyànjú bẹ́ẹ̀. 0.97 ti wà láti 2005. Ìparí 2008 ni ext4 (ọ̀nà tí Linux ń gbà to fáìlì sórí dísíìkì) tó wọ inú kernel (ọkàn Linux) gẹ́gẹ́ bí ohun tó ti gbó. Tí `/boot` Àǹtí bá wà lórí ext4, tí Debian sì máa ń lò bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, 0.97 bó ṣe jáde kò ní í lè kà á. Kò mọ GPT (irú ìwé ìpín dísíìkì tuntun), kò mọ UEFI. Èyí tó tún máa ń ṣi èèyàn lọ́nà ni pé Legacy ń ka ìpín dísíìkì láti òdo, GRUB 2 sì ń kà á láti ení: `(hd0,0)` ti Legacy ni `(hd0,1)` ti GRUB 2. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á máa pe ìpín Windows nígbà tó rò pé Linux lòun ń pè.

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà yín ń sọ. GRUB kì í ṣe ẹyọ kan. Apá kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì gan-an, kí ìpín àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òun ni BIOS kọ́kọ́ ń jí. Apá kejì ni àwọn module, ẹ̀yà kéékèèké GRUB tó wà nínú `/boot/grub`. Ọjọ́ kan náà ló yẹ kí wọ́n ti wá. Oṣù keje 2020 ni wọ́n fi `grub_calloc` kún GRUB, nígbà tí wọ́n ń dí ihò ààbò tí wọ́n pè ní BootHole. Module yín tuntun ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ apá àkọ́kọ́, apá àkọ́kọ́ yín tó ti wà ṣáájú 2020 kò sì gbọ́ orúkọ yẹn rí. Ìdí nìyẹn tí `insmod normal` náà fi kọ̀.

Ìyẹn ni pé update yín kọ module tuntun sílé, ṣùgbọ́n ibòmíràn ló lọ kọ apá àkọ́kọ́ sí. Dísíìkì mélòó ló wà nínú kọ̀ǹpútà náà?

Àbẹ̀kẹ́_Lágere

Méjì ni, Akin. HDD 500GB ni mo bá ra kọ̀ǹpútà náà. Windows 7 tí mò ń lò fún scanner wà lórí rẹ̀, Debian náà wà níbẹ̀ nígbà yẹn. Lọ́dún tó kọjá mo fi SSD 120GB kún un, mo fi rsync (ètò tó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì) kó Debian lọ sórí rẹ̀, mo ṣe `grub-install` sí SSD náà, mo sì sọ fún BIOS pé kó máa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Akin_Mayfair

Ó ti yọjú. Nígbà tí ẹ kó Debian, ẹ kò sọ fún `grub-pc`, package (àkójọ fáìlì) tí Debian fi ń gbé GRUB sórí kọ̀ǹpútà BIOS, pé ẹ ti kó kúrò nílé àtijọ́. Orúkọ HDD ló ṣì wà nínú ìwé rẹ̀. Nígbà tí update dé, orí HDD ló kọ apá tuntun sí, ti SSD sì wà bó ṣe wà.

Nítorí náà ẹ má tíì dá nǹkan kan padà. Ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń mú àkójọ dísíìkì jáde (F12 ni lórí ọ̀pọ̀, F9 tàbí Esc lórí àwọn mìíràn), kí ẹ yan HDD. Apá tuntun wà lórí HDD, module tuntun wà lórí SSD, wọ́n á mọ ara wọn.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè yín gan-an, torí ó tọ́ kí ẹ bi í. Bí ẹ bá dá package padà sí 2.02, ó ṣeé ṣe kó gbéra, nítorí module àtijọ́ á tún bá apá àtijọ́ pàdé. Ṣùgbọ́n orúkọ HDD á ṣì wà níbi tó wà. Ọjọ́ tí update mìíràn bá dé, ibi tí ẹ wà lónìí lẹ máa padà sí.

Bàbá_Sábó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú làákàyè. Àbẹ̀kẹ́, bó bá ti gbéra báyìí, project àwọn ọmọ yẹn ni kí o kọ́kọ́ kó sórí fíláàṣì, kí o tó fọwọ́ kan GRUB rárá. Má sì ṣe é lórí iná tó ń ṣẹ́jú. Wákàtí tí iná bá dúró dáadáa, tàbí kí o tan jẹnẹrétọ̀, nítorí bí iná bá lọ láàárín `grub-install`, o lè pàdánù apá tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Ṣe ẹ̀dà ìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì méjèèjì pamọ́ sórí fíláàṣì náà. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé kí á kó 512 byte péré. Kò tó, torí ara GRUB yòókù wà lẹ́yìn rẹ̀. Èmi máa ń kó 2048 sẹ́kítọ̀:

sudo dd if=/dev/sda of=ibere-sda.img bs=512 count=2048

Ìpamọ́ ni o. Má kàn dà á padà lódindi, nítorí ìwé ìpín dísíìkì wà nínú 512 àkọ́kọ́ yẹn: 446 byte ni ti GRUB, èyí tó tẹ̀ lé e ló sọ ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan wà.

Ọmọ_Ọbọ̀kun

Akin, òótọ́ lo sọ. Mo lọ wo àwọn kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ yẹn lálẹ́ àná, ext3 ni mo fi ṣe `/boot` gbogbo wọn. Ìdí tí Legacy kò fi dà mí láàmú nìyẹn. Àǹtí, ẹ fi ìmọ̀ràn mi sílẹ̀, ti Akin ni kí ẹ mú lò.

Tóyè_Òǹkọ̀wé

Ẹni tó bá ń ka èyí lẹ́yìn wa, tó sì fẹ́ padà sí GRUB àtijọ́ lóòótọ́: lórí Debian, package mẹ́rin ló ń rìn pọ̀, `grub-pc`, `grub-pc-bin`, `grub2-common` àti `grub-common`. Ẹ̀dà kan náà ni kí gbogbo wọn jẹ́. `apt-cache policy grub-pc` á fi èyí tó wà hàn yín, snapshot.debian.org sì ń tọ́jú àwọn tó ti kúrò. Lẹ́yìn náà ẹ ṣe `grub-install` àti `update-grub`, kí ẹ wá fi `apt-mark hold` dì wọ́n mú.

Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ UEFI tí Secure Boot (ààbò tó ń kọ ètò ìgbéra tí kò fọkàn tán) wà ní títàn ni tiyín, ẹ ṣọ́ra gidigidi. Wọ́n ti fòfin de àwọn GRUB tó ní ihò. Ní oṣù kẹjọ 2024, update Windows kan gbé òfin náà wọ inú kọ̀ǹpútà tó ní Windows àti Linux pọ̀, ọ̀pọ̀ Linux kò gbéra mọ́. "SBAT self-check failed" ni wọ́n ń rí. Bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ gbé GRUB àtijọ́ síbẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín lẹ pe ìyẹn wálé. Ti Àbẹ̀kẹ́ kò sí nínú èyí, BIOS ni.

Àbẹ̀kẹ́_Lágere

Ó gbéra!!! F12, mo yan HDD, Debian 12 jáde kedere. Mo jókòó sílẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Mo ti kó project àwọn ọmọ náà jáde, mo ti pe wọn, ọ̀kan nínú wọn ti wá gba tirẹ̀.

Mo wo `lsblk -o NAME,SIZE,MODEL`, SSD ni `sdb`. Ṣé `grub-install /dev/sdb` ló kàn?

Akin_Mayfair

Ẹ ṣeun, inú mi dùn gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni, `/dev/sdb` lásán, ẹ má fi nọ́ńbà kankan sí i lẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀:

sudo dpkg-reconfigure grub-pc

Á bi yín ní ìbéèrè díẹ̀, ẹ máa tẹ Enter títí yóò fi mú àkójọ dísíìkì wá. Ẹ fi Space sàmì sí SSD. Èmi á sàmì sí HDD náà, kí ọ̀nà àbáyọ òní lè wà lọ́la.

Àbẹ̀kẹ́_Lágere

Mo ti ṣe é. Mo dá BIOS padà sórí SSD, ó gbéra fúnra rẹ̀. Nǹkan kan ló kù: Windows 7 kò sí nínú àkójọ GRUB mọ́. Ìpín rẹ̀ wà, mo rí àwọn fáìlì inú rẹ̀.

Ọmọ_Ọbọ̀kun

Ìyẹn ò le, Àǹtí. Láti GRUB 2.06 ni wọ́n ti dá os-prober dúró, òun ló ń wá Windows kiri. Ẹ ṣí `/etc/default/grub`, kí ẹ yọ àmì # kúrò níwájú ìlà yìí. Bí ìlà náà kò bá sí, ẹ kọ ọ́:

GRUB_DISABLE_OS_PROBER=false

Kí ẹ wá ṣe `sudo update-grub`.

Àbẹ̀kẹ́_Lágere

"Found Windows 7", ó kọ ọ́ síbẹ̀. Scanner ń ṣiṣẹ́. Akin, Ẹ̀gbọ́n Ọbọ̀kun, Bàbá, Tóyè, Ọlọ́run á dúró tì yín. Àwọn ọmọ méjì yòókù ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, màá tètè ṣí ṣọ́ọ̀bù.