“Ẹ́ńjìnnì ọlọ́rọ̀” kọ́: lórí àpòpọ̀, apòpọ̀ àti kabúrétọ̀

Láti Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè.

Ìtumọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa ará Abẹ́òkúta fi ránṣẹ́ sí wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Ìtọ́ni lórí kabúrétọ̀, ohun tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, ti ọkọ̀ orí iyanrìn ni, irú ọkọ̀ tí Bruce Meyers bẹ̀rẹ̀ ní Kalifọ́níà lọ́dún 1964, tó gbé ara fáíbà lé ẹsẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá. Ọkọ̀ náà tó ọkọ̀: òun ló gba ipò kìíní nínú eré Mexican 1000 ní Baja lọ́dún 1967. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú ìtumọ̀ yẹn tí kò gba ọ̀fun mi kọjá: “Bí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré lọ́rọ̀, ẹ dín àpòpọ̀ kù.” Ẹ̀gbọ́n túmọ̀ “rich” ti Gẹ̀ẹ́sì sí ọlọ́rọ̀, wọ́n sì pe kabúrétọ̀ ní àpòpọ̀.

Ọrọ̀ wo ló ní? Ọlọ́rọ̀ lédè wa lẹni tó lówó, tó nílé, tó lọ́mọ. Ẹ́ńjìnnì tí epo rẹ̀ pọ̀ ju afẹ́fẹ́ rẹ̀ lọ kò ní nǹkan kan, ìyà ló ń jẹ. Èéfín dúdú ló ń tú. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ á dú bí ìdí ìkòkò, epo tí kò jó á máa fọ ọ́ìlì kúrò lára sílíńdà, á sì ṣàn lọ bá ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀. Lítà 2.5 péré ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, kò pẹ́ tí epo fi ń sọ ọ́ di omi. Ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, ẹ gbé e sí imú. Bó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, ẹ wá ibi tí epo ti ń wọlé, kí ẹ sì pààrọ̀ ọ́ìlì náà kí ẹ tó wa ọkọ̀ mọ́.

Àpòpọ̀ wá ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká dúró lórí ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí à- yẹn. Àdàlù kì í ṣe ẹni tó da ẹ̀wà lu àgbàdo, oúnjẹ náà fúnra rẹ̀ ni. Àdàpọ̀, àlòkù, àkànpọ̀: ohun tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ sí lára ni gbogbo wọn. Ohùn àárín ló ń tọ́ka sí ẹni tó ń ṣiṣẹ́: apẹja, adájọ́, akọrin. Bí kabúrétọ̀ bá wá jẹ́ àpòpọ̀, kí la fẹ́ pe epo àti afẹ́fẹ́ tó ti pò pọ̀ tán tó ń wọ sílíńdà? Ìyẹn gan-an ni àpòpọ̀! Ẹni tó bá tẹ̀lé ìtọ́ni yẹn láti “dín àpòpọ̀ kù”, ẹsẹ̀ ni yóò gbé kúrò lórí tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré, torí ohun tó ń dín in kù nìyẹn: epo dín, afẹ́fẹ́ dín, ìwọ̀n tó wà láàárín àwọn méjèèjì wà bó ṣe wà. Bẹ́ẹ̀, ìwọ̀n yẹn ló bàjẹ́. Kílò afẹ́fẹ́ 14.7 ló ń jó kílò bẹntiróòlù 1 tán. Agbára ẹ́ńjìnnì máa ń pọ̀ jù nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wà ní bíi 12.5 sí 13. Bó bá já wá sí 10, èéfín ti dé nìyẹn.

Ohun tó dùn mí jù ni pé “ọlọ́rọ̀” kan ṣoṣo yìí bo àìsàn mẹ́ta mọ́lẹ̀, oògùn wọn ò sì pa pọ̀. Ẹ mú Solex 34 PICT-3, kabúrétọ̀ tó wà nínú ìtọ́ni náà.

Èkíní ni àkúnya. Epo ń ṣàn wọlé láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì fà á. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí asẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ̀fun kabúrétọ̀. Bí epo bá ṣì ń kán láti ẹnu ọ̀pá tó yọ sí àárín ọ̀fun, jẹ́ẹ̀tì, ihò tín-ín-rín tó ń wọn epo, kọ́ ló fà á, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ó lè jẹ́ pé abẹ́rẹ́ fàlífù tó ń dí ọ̀nà epo kò pa ẹnu dé mọ́, tàbí iyanrìn wẹ́wẹ́ ti há sí i lẹ́nu, tàbí fúlóòtù tó ń léfòó nínú àwo epo kabúrétọ̀ ti jò, epo ti kún inú rẹ̀, ó ti rì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lára ọkọ̀ tí wọ́n tún tò ni páǹpù oníná. Bíi 3 psi, ìwọ̀n agbára tí páǹpù fi ń ti epo, ni Solex yìí fẹ́; páǹpù tó ń ti 6 tàbí 7 yóò borí abẹ́rẹ́. Ẹ fi rẹ́gúlétọ̀ tó ń dín agbára yẹn kù sáàárín páǹpù àti kabúrétọ̀, kí ẹ sì fi géèjì wò ó, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ́gúlétọ̀. Bí epo inú àwo bá ga jù, wáṣà abẹ́ fàlífù ni wọ́n fi ń tún un ṣe: èyí tó nípọn sí i á jẹ́ kí fúlóòtù tètè ti abẹ́rẹ́ pa, epo á sì lọ sílẹ̀. Ẹ rántí pé lórí òkìtì iyanrìn bíi ti Glamis ní Kalifọ́níà, ọkọ̀ a máa fò, fúlóòtù náà a sì máa fò. Epo tó dákẹ́ lórí ọ̀dà lè kún àkúnya níbẹ̀.

Èkejì ni ìháfẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ tí kò wọlé tó, pàápàá nítorí ṣóòkù, awẹ́ tó ń dí ọ̀fun kabúrétọ̀. Ti 34 PICT-3 ń dá ṣiṣẹ́: ohun ìgbóná tó ń lo iná 12 fóòtì ló ń rọra ṣí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, awẹ́ ṣóòkù á padé. Tí ẹ bá ti ṣí iná, láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan ó yẹ kó nàró gbọọrọ. Ibi tí iná ti ń wọ kọ́ìlì ni waya rẹ̀ ti ń gba iná. Àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ yìí máa ń fa waya tuntun látòkè délẹ̀, waya tín-ín-rín yìí ni wọ́n sì ń gbàgbé. Ṣóòkù á padé lọ́sàn-án gangan nínú aṣálẹ̀. Asẹ́ afẹ́fẹ́ tí iyanrìn dí náà wà lábẹ́ ìháfẹ́fẹ́.

Ẹ̀kẹta nìkan ló jẹ́ àpọ̀jù epo gan-an, jẹ́ẹ̀tì ló sì ni ín. Jẹ́ẹ̀tì ńlá 127.5 ló bá kabúrétọ̀ yìí wá, ìyẹn ihò mìlímítà 1.275, ti ìdúró, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ tí ọkọ̀ ò rìn, jẹ́ 55. Ẹni tó bá fi waya ro ihò jẹ́ẹ̀tì ti sọ nọ́ńbà orí rẹ̀ di irọ́. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má ro ó.

Orúkọ tí kò bá sọ ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ ṣí fún mẹ́káníìkì kò yẹ kó wọ ìtọ́ni. Kabúrétọ̀ ni apòpọ̀, ohùn àárín. Mo dúró lórí ẹ̀.

Láti Abẹ́òkúta

Àbúrò mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n rọra.

Apẹja: pa ẹja. Adájọ́: dá ẹjọ́. Akọrin: kọ orin. Gbogbo àpẹẹrẹ tí o kó wá ló ní àbọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀-ìṣe. “Apòpọ̀” tìrẹ, kí ló ń pò? Bó bá jẹ́ a- olóhùn àárín lo fẹ́, apepo ni kó jẹ́, a-po-epo. Ìwọ náà mọ̀ pé pò a máa di po níwájú àbọ̀. Èmi mọ̀ọ́mọ̀ sá fún un ni, torí mi ò fẹ́ sọ irin di ènìyàn. Àwọn àgbà tí a bá nílé, ì- ni wọ́n fi ń sọ ohun èlò lórúkọ: ìgbálẹ̀, ìkọ̀wé. Mo lo à- nítorí pé ó sún mọ́ ọn ju a- rẹ lọ.

Ní ti ọlọ́rọ̀, ṣé a ò ń pe ilẹ̀ tó dára fún oko ní ilẹ̀ ọlọ́ràá ni? Ta ló bá ilẹ̀ jà pé kò lẹ́ran lára? Bí ọlọ́rọ̀ bá bí ọ nínú, gba ọlọ́ràá. Àpòpọ̀ ọlọ́ràá.

Asẹ́ dídí tí o kó pọ̀ mọ́ ṣóòkù ni mi ò gbà rárá. Àwo epo Solex yìí ń mí láti inú ọ̀fun kabúrétọ̀ fúnra rẹ̀, lábẹ́ asẹ́. Bí asẹ́ bá dí, ohun tó fa ọ̀fun náà ló fa àwo epo, agbára ni yóò dín, ìwọ̀n epo ò ní fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Kabúrétọ̀ tí àwo rẹ̀ ń mí láti ìta ni asẹ́ dídí ń sọ di ọlọ́ràá. O ò sì mẹ́nu kan iná púlọ́ọ̀gì rárá. Iná tó rẹ̀ a máa fi púlọ́ọ̀gì sílẹ̀ ní dúdú láìjẹ́ pé kabúrétọ̀ ṣẹ̀. Àlàfo púlọ́ọ̀gì, mìlímítà 0.7. Àlàfo kọ́ńtáàtì tó ń já iná fún púlọ́ọ̀gì, 0.4. Bí púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo bá dú nínú mẹ́rin, kabúrétọ̀ kan tó ń bọ́ gbogbo wọn kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ tú. Ohun tí mo ti ń kọ́ni láti ọjọ́ pípẹ́ nìyí, mi ò rò pé ó yẹ kí wọ́n máa fi à- kan bi mí wò.

Láti Houston

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè.

Lórí ọ̀rá, ẹ̀gbọ́n Abẹ́òkúta kò dá wà. Àwọn ará Jámánì tó ṣe Ìjàpá, “fett” ni wọ́n ń pe àpòpọ̀ tí epo rẹ̀ pọ̀, ìyẹn ọlọ́ràá. Èyí tí epo rẹ̀ kò tó, “mager”, ẹni tó rù. Èyí fi hàn pé kì í ṣe ọrọ̀ ni gbogbo ayé ń rí níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì ń jà lórí àmì ohùn tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tẹ̀ sórí fóònù. Ẹ kọ “apo epo” láìlámì, àpò epo ni mẹ́káníìkì máa kà, ìdí táǹkì ló sì ń lọ. Kí ló dé tá a fi ń wá ọ̀rọ̀-orúkọ lọ́ranyàn? Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ l'Ékòó lọ́dún 1975, àwọn bàbá tó ń tún Ìjàpá ṣe kò sì dúró de ẹgbẹ́ onímọ̀ kan. “Epo ń bò ó.” “Ó ń mu epo jù.” “Kò rí atẹ́gùn fà.” Àìsàn mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n Ìbàdàn kà ló pé síbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe ló sì gbé wọn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá yẹn ti lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló yẹ ká máa kó jọ.

Ẹ fi èyí kún ìtọ́ni náà, ibi tí wọ́n ti ń ka púlọ́ọ̀gì: ẹ má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì dúró sójú kan kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ wa ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù lára ẹ́ńjìnnì, tọ́tù lójú kan, kí ẹ pa iná kí ẹ sì tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan náà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, dúdú ti ìdúró lẹ ó rí, ẹ ó sì lọ pààrọ̀ jẹ́ẹ̀tì ńlá tí kò ṣe nǹkan kan. Bí ẹ bá ń dín nọ́ńbà jẹ́ẹ̀tì kù, 2.5 tàbí 5 lẹ́ẹ̀kan ti tó. Ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ ń tù ni, bí epo rẹ̀ bá kéré jù, fàlífù sílíńdà 3 ló sábà ń kọ́kọ́ jó.

Láti Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní a- kò sí láìní àbọ̀, ẹ tún ní kì í pe ohun èlò. Asẹ́ tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sínú èsì yín ńkọ́? Sẹ́ ni ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀, a- olóhùn àárín ló wà níwájú rẹ̀, kò ní àbọ̀, ènìyàn kọ́ sì ni. Bí asẹ́ bá lè wà lórí kabúrétọ̀, apòpọ̀ lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo gba ọlọ́ràá, ṣùgbọ́n fún jẹ́ẹ̀tì nìkan. Àkúnya kò lọ́ràá, ó ń rì ni. Lórí asẹ́ dídí, mi ò tíì gbà: awakọ̀ tí agbára rẹ̀ dín nínú iyanrìn á máa tẹ tọ́tù léraléra, gbogbo ìgbà tó bá sì tẹ̀ ẹ́ ni páǹpù ìtẹ̀síwájú ń tu epo sí ọ̀fun. Ọmọ ìyá wa ti Houston, òótọ́ lẹ sọ nípa àwọn bàbá, ṣùgbọ́n ìtọ́ni kò lè máa fi gbólóhùn ṣe àkọlé gbogbo ìgbà.

Ẹ̀gbọ́n, ibì kan kù tó lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹ pe sukúrù méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kabúrétọ̀ ní “sukúrù ìdúró”. Ńlá ń darí ìyára nìkan, kékeré ló ń pín epo. Kékeré ni wọ́n á rọra yí wọlé títí á fi kan ilẹ̀, láìfún un, torí ṣóńṣó rẹ̀ ń bàjẹ́. Lẹ́yìn náà ìyípo 2.5 síta. Ńlá ni wọ́n á fi gbé ẹ́ńjìnnì gbígbóná sí ìyípo 850 ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n á wá yí kékeré síta títí ìyára fi ga jù lọ, wọ́n á dá a padà wọlé títí á fi já ní 20 sí 30, wọ́n á sì fi ńlá dá a padà sí 850. Bí kékeré bá wọlé tán tí ẹ́ńjìnnì ò sì mọ̀, epo ń gba ibòmíràn wọlé: kí wọ́n padà sídìí ṣóòkù àti abẹ́rẹ́.

Ẹni tó bá ka “sukúrù ìdúró” lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú ìpínrọ̀ yẹn, èwo ni yóò yí? Orúkọ méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Jẹ́ẹ̀tì afẹ́fẹ́ tó wà lókè náà ń retí orúkọ tirẹ̀, torí nọ́ńbà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní òdìkejì: bó ṣe ń tóbi sí i ni epo ń dín kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré. Bí a bá pe òun àti ti epo ní “jẹ́ẹ̀tì” lásán, ẹni tó fẹ́ dín epo kù á fi kékeré sí méjèèjì.