Ẹ̀sìn àti ìtàn ìwáṣẹ̀: níbo ni wọ́n ti pínyà?

Aṣèwádìí:
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ìtàn ìwáṣẹ̀ là ń pe ìtàn Zeus, olórí òrìṣà àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, ẹ̀sìn sì là ń pe èyí tí wọ́n ń kà nílé ìjọsìn lónìí. Ṣé iye èèyàn tó gbà á gbọ́ ló fa ìyàtọ̀ náà ni? Kí ló sì ń mú èèyàn gba ohun tí kò fojú rí gbọ́?

Ọmọ Àgbà:
Iye èèyàn kọ́ o. Ìtàn ìwáṣẹ̀ á sọ bí ayé ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ikú ti wá. Ẹ̀sìn lè ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú, àmọ́ ó tún ní ètùtù, èèwọ̀, àlùfáà, ọjọ́ ọdún, àti ìjọ tó ń bá ẹni tó bá yẹsẹ̀ wí.

Ẹ wo ojúbọ Ise ní Japan. Inú Kojiki, ìwé ọdún 712, ni ìtàn Amaterasu wà, abo-ọlọ́run oòrùn tó sá wọ ihò àpáta tí ayé fi ṣókùnkùn. Ẹnikẹ́ni lè kà á kó má sì di ẹlẹ́sìn Shinto, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ Japan. Ṣùgbọ́n ní ogún ọdún ogún ọdún, wọ́n á kọ́ ilé tuntun fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, wọ́n á gbé dígí mímọ́ rẹ̀ kọjá lóru, wọ́n á sì tú ilé àtijọ́ palẹ̀. Wọ́n ṣe é ní 2013. Ẹ̀sìn nìyẹn.

Ní ti Zeus, láàárín 391 sí 392 ni Theodosius, ọba Róòmù, fòfin de ẹbọ rírú. Kò parí lọ́jọ́ kan, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ ni ojúbọ dá. Ìtàn ò yí padà. Àwọn tó ń fi í ṣe nǹkan ló tán.

Ìyá Ìbejì:
Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹ má jẹ̀ẹ́ ká rò pé irọ́ la pe ìtàn tí a bá pè ní ìtàn ìwáṣẹ̀. Iṣẹ́ tí ìtàn ń ṣe là ń sọ. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀, ìbéèrè mìíràn nìyẹn.

Olóye:
Ní ti ìgbàgbọ́, Malinowski, onímọ̀ nípa àṣà àwọn èèyàn, kíyè sí nǹkan kan ní erékùṣù Trobriand ní òkun Pacific nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Bí àwọn apẹja ibẹ̀ bá ń fi májèlé pẹja nínú ọ̀sà, níbi tí ẹja ti dájú tí kò séwu, wọn kì í pọfọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sójú agbami, ètùtù á pọ̀. Ibi tí ọgbọ́n wọn pin sí ni ètùtù ti bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó tún lágbára ni àpẹẹrẹ. Ọmọ tó ń rí àwọn tó fọkàn tán tí wọ́n ń gbààwẹ̀, tí wọ́n ń náwó, tí wọ́n ń fara da ìyà nítorí ohun tí wọ́n ń wí, yóò gbà pé ó dá wọn lójú. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kì í ṣe bẹ́ẹ̀ wọni lára.

Aṣèwádìí:
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé ẹ̀rù ló wà nídìí gbogbo rẹ̀ nígbà náà?

Ọmọ Àgbà:
Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Radcliffe-Brown, onímọ̀ àṣà bíi tirẹ̀, ta ko Malinowski lórí èyí gan-an: ó ní ètùtù fúnra rẹ̀ lè dá ẹ̀rù sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti kọ́ ní èèwọ̀ oúnjẹ kan ni ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ tó bá ṣèèṣì jẹ ẹ́. Àlejò tó jẹ oúnjẹ kan náà á sùn dáadáa.