Ọ̀rọ̀ apá ọmọ mi: ibi tó já sí rèé

Ẹ̀yin ará, mo ní kí n wá parí ọ̀rọ̀ tí mo dá sílẹ̀ ní oṣù 2 sẹ́yìn, pé ṣé kí n gbà kí wọ́n gún ọmọ mi ọlọ́dún 6 tó ní cerebral palsy (ìpalára ọpọlọ tó ń mú kí ó ṣòro láti darí iṣan ara) ní abẹ́rẹ́ Botox sí apá ọ̀tún tó kákò. Mo gbà.

Kì í ṣe ìwòsàn o. Ó kàn ń dẹ iṣan fún bí oṣù 3 ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ 2, ìkúùkù rẹ̀ tú. Fisiọ̀ (ìtọ́jú tí wọ́n fi ń mú kí ẹ̀yà ara máa ṣiṣẹ́) ló wá kù: kí a máa na apá náà láràárọ̀, kí a sì fi ìbọ̀sẹ̀ bo ọwọ́ òsì kó lè lo ọ̀tún. Ẹkún yẹn pọ̀!

Lánàá, ní Lagere ní Ilé-Ifẹ̀, ó fi ọ̀tún gba àkàrà lọ́wọ́ màmá kan tó ti máa ń bá a wí pé ó ń fi òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà. Ó fún àkàrà náà pa, àmọ́ kò já a sílẹ̀.

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.