Plugin cache méjì: oníbàárà ṣì ń rí owó àná

Ọmọ Lágéré
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. WordPress àti WooCommerce (àfikún rẹ̀ fún ọjà títà) ni mo fi ṣe ìkànnì fún ìyá aládìrẹ kan n'Ífẹ̀. Plugin cache kan (àfikún tó ń fi ẹ̀dà ojú ìwé pamọ́ kí ìkànnì lè yá) ti wà níbẹ̀. Mo tún gbé òmíràn lé e kó lè yá sí i. Mo sún owó ìró kan láti ₦12,000 sí ₦15,000: owó tuntun lèmi ń rí, owó àná loníbàárà ń rí. Mo ti deactivate (pa) èyí tó dé kẹ́yìn, pàbó.

Òṣómàáló
Àga kan ló wà, ẹni méjì lẹ ní kó jókòó sí i. Fáìlì advanced-cache.php kan ṣoṣo ni WordPress ń kà nínú wp-content. Plugin tó dé kẹ́yìn ló sábà máa ń kọ tiẹ̀ lé e lórí. Bí ẹ bá pa plugin náà, fáìlì yẹn lè ṣẹ́kù. Bí WP_CACHE (ìlà tó ń tan cache) bá ṣì jẹ́ true nínú wp-config.php, WordPress á máa pè é lọ ni.

Ẹ fi File Manager (ibi tẹ́ ẹ ti ń rí fáìlì ìkànnì) ṣí advanced-cache.php, ìlà mélòó kan lókè á sọ ẹni tó ni ín. Tó bá jẹ́ ti èyí tẹ́ ẹ pa, ẹ yọ ọ́, ẹ kó ohun tó wà nínú wp-content/cache dànù, kẹ́ ẹ wá deactivate èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lò, kẹ́ ẹ tún un tàn, kó lè kọ tiẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kan object-cache.php o, iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀.

Incognito (fèrèsé ìkọ̀kọ̀ browser, níbi tẹ́ ò ti login) ni kẹ́ ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀pọ̀ plugin cache kì í gbé ojú ìwé àfipamọ́ fún ẹni tó ti login. Ìyẹn ló ń tàn yín jẹ.

Àbẹ̀kẹ́ Mayfair
Bí Cloudflare (iṣẹ́ àárín tóun náà lè fi ẹ̀dà ojú ìwé pamọ́) bá wà níwájú ìkànnì náà, ẹ ṣe curl -I (àṣẹ tó ń fi header ojú ìwé hàn). Tí cf-cache-status bá jẹ́ HIT (ẹ̀dà àfipamọ́ ló gbé jáde) lórí ojú ìwé ọjà, ẹnì kan ti ṣòfin síbẹ̀ pé kó máa fi í pamọ́, torí Cloudflare kì í dédé fi HTML pamọ́. Plugin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ purge (kó ẹ̀dà rẹ̀ dànù), kẹ́ ẹ tó purge Cloudflare. Bẹ́ ẹ bá yí i po, ti àtijọ́ náà ló máa tún gbé.

Ọmọ Lágéré
Ẹ ṣeun, fáìlì náà ni! Owó ti tọ́. Fọ́ọ̀mù ìbéèrè ló kù, ó máa ń kọ̀ tó bá ti di ọjọ́ kejì. Ọjọ́ 7 ni mo fún cache.

Òṣómàáló
Nonce ni, àmì ààbò onígbà díẹ̀ tí WordPress ń fi sínú fọ́ọ̀mù. Kì í lò ju wákàtí 24 lọ, ó tiẹ̀ lè kú lẹ́yìn 12, bẹ́ẹ̀ èyí tó ti kú ni ojú ìwé àfipamọ́ yín ṣì ń gbé jáde. Ẹ dín cache kù sí wákàtí 10. Ẹ sì yọ cart, checkout àti my-account kúrò nínú cache pátápátá, kí apẹ̀rẹ̀ ọjà ẹnì kan má lọ yọ lójú ẹlòmíràn.