Àjọṣe ni tàbí ìbámu? Ọ̀rọ̀ lórí olùtọ́jú àti ẹni tó ń gba ìtọ́jú lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Orúkọ Yorùbá wo la ó fún “working alliance”, ìyẹn bí olùtọ́jú àti ẹni tó ń gba ìtọ́jú ṣe jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tí àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ máa ń fi ìwé ìbéèrè wọ̀n? Ẹnìkan ti dábàá “ìmùlẹ̀”, ẹlòmíràn ní “ìbáṣepọ̀” ti tó.

Ìmùlẹ̀ ti le jù. Ẹni tó bá mulẹ̀ ti búra, aláìsàn sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi olùtọ́jú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́la láìdalẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ní ti ìbáṣepọ̀, mo ka ìbéèrè kan tí mo túmọ̀ fún ẹ̀gbọ́n màmá mi: “Báwo ni ìbáṣepọ̀ yín pẹ̀lú olùtọ́jú yín?” Wọ́n bọ́ jígí ojú wọn, wọ́n ní, “Ṣé irú ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ń bi àgbàlagbà?” Mo pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀.

Ní 1979, Edward Bordin, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìṣesí ẹ̀dá, pín nǹkan yìí sí mẹ́ta: ibi tí àwọn méjèèjì fẹnu kò sí pé àwọn ń lọ, iṣẹ́ tí wọ́n gbà láti jọ ṣe, àti okùn tó so wọ́n pọ̀. Àwọn onímọ̀ méjì, Horvath àti Greenberg, fi í ṣe ìwé ìbéèrè oníbéèrè 36 ní 1989. Wọ́n ti gé e sí 12 lẹ́yìn náà. Bó bá jẹ́ ojúkojú, “àjọṣe” gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wàhálà wà. Níbẹ̀, inú ètò orí fóònù ni ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń wá. Olùtọ́jú kàn ń kọ̀wé ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni. Òṣùwọ̀n tí wọ́n tún ṣe fún irú ìtọ́jú yìí ní 2020 ya méjì sọ́tọ̀: bí ètò náà ṣe bá ènìyàn mu, àti okùn àárín òun àti olùtọ́jú. Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ yẹn tipẹ́. Ẹni méjì tó lẹ́nu ló ń jọ fẹnu kò. Èmi àti fóònù mi kò lè jọ fẹnu kò lórí ohunkóhun. Nítorí náà, “ìbámu” ni kí a fún ètò, kí a fi “ìfọkàntánra” fún ènìyàn. Ẹ má gé “ra” yẹn kúrò, torí ìfọkàntán lásán, ẹnìkan ṣoṣo ló ń ṣe é.

Ó ku bóyá “ó” ni ká fi pe olùtọ́jú nínú ìbéèrè náà tàbí “wọ́n”. Ẹni tó bá kọ “wọ́n mọyì mi” ti bọ̀wọ̀ fún olùtọ́jú kí a tó wọn ohunkóhun. Ẹ̀yin tó ń lo irú ìwé ìbéèrè báyìí pẹ̀lú àwọn aláìsàn, èwo lẹ kọ síbẹ̀?